Kátítà tí ń kó ẹ̀jẹ̀ dídì kúrò nínú iṣan: èwo ló yẹ kí ilé ìwòsàn yín kọ́kọ́ rà?

Àtẹ́lẹsẹ̀ funfun bí ẹfun. Ẹsẹ̀ tutù láti orúnkún wá sílẹ̀. A fọwọ́ wá ìlùkìkì ní ọrùn ẹsẹ̀, a kò rí i. Ẹni tí irú èyí bá dé bá, kò sí àkókò láti fi ṣòfò: bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tún ṣàn dé ẹsẹ̀ náà láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, ẹran ibẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kò sì ní ṣeé jí mọ́. Kátítà, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ rírọ̀ tí a ń tì bọ inú iṣan, ni a fi ń ṣí ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀ náà. Oríṣiríṣi rẹ̀ ló wà lọ́jà báyìí, láti orí èyí tí nọ́ọ̀sì tíátà lè kó sínú dúrọ́ọ̀ títí dé èyí tó ní ẹ̀rọ ńlá tó ń jẹ iná.

Àwọn tó máa yàn nínú wọn ni a kọ èyí fún: oníṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì, apòògùn àti ẹni tó ń rajà fún ilé ìwòsàn ní Abuja, Kaduna, Kano, Minna tàbí Lafia. Ó kan mọ̀lẹ́bí náà, ẹni tí wọ́n fi ìwé lé lọ́wọ́ lóru pé kó lọ wá kátítà wá.

Èrò wa rèé kí ẹ tó kà jìnnà. Ilé ìwòsàn tí kò tíì ní bálúùnù Fogarty (kátítà tó ní bálúùnù kékeré lórí, tí a ń fi ọwọ́ fa ẹ̀jẹ̀ dídì jáde) ní ìwọ̀n mẹ́ta, ó kéré tán, kò yẹ kó máa náwó sórí ẹ̀rọ tó ń fi iná fa ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rọ náà dára, a kò bú u. Ṣùgbọ́n ní aago méjì òru, tí iná ti lọ, tí ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ẹ̀rọ náà lò sì wà ní Lagos, kí ni ẹni tó wà ní tíátà máa fi ṣiṣẹ́?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó dí ọ̀nà

Iṣan àlọ ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látinú ọkàn lọ sí ara, iṣan àbọ̀ ló ń gbé e padà. Bí iṣan àlọ bá dí, ẹsẹ̀ á tutù, á funfun, ìrora rẹ̀ á sì le. Bí ó bá jẹ́ iṣan àbọ̀, ẹsẹ̀ á wú, á gbóná, á wúwo. Wákàtí la fi ń ka ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ la fi ń ka ti èkejì, àfi bí ègé ẹ̀jẹ̀ dídì kan bá já tó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn ohun èlò kan wà tí wọ́n ṣe fún iṣan àbọ̀ nìkan, tí wọn yóò ya iṣan àlọ bí ẹ bá tì wọ́n bọ̀ ọ́.

Nínú ti iṣan àlọ pàápàá, ẹ wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ dídì náà ti wá. Ní ìhà Àríwá, ọkàn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń já wá: ọkàn tí ibà ọmọdé ti ba fálífù rẹ̀ jẹ́, ọkàn tó ń lù ségesège, tàbí ọkàn abiyamọ tó wú tó sì rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, àìsàn tí àwọn dókítà Kano àti Zaria ń rí gan-an. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlélógún tó bímọ ní oṣù tó kọjá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn ṣàdédé tutù lówùúrọ̀, iṣan rẹ̀ fúnra rẹ̀ sábà máa ń dán, ó sì ń rọ̀. Bálúùnù nìkan lè tó o. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún tó ní àtọ̀gbẹ, tó ti ń dúró sinmi lójú ọ̀nà láti bí oṣù mẹ́fà nítorí pé ẹsẹ̀ ń ta á tó bá rìn, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ọ̀rá àti kálísíọ̀mù ti le mọ́ ògiri iṣan rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì wá dì lé e lórí. Bálúùnù tí a fà gba ibẹ̀ láìríran á máa kọ́ nǹkan. Àwòrán, wáyà, àti nígbà mìíràn iṣan àfirọ́pò, ni tirẹ̀ ń béèrè.

Ẹ tún wo bí ẹsẹ̀ náà ṣe wà. Bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá ṣì ń mira, tó sì jẹ́ pé orí ìka nìkan ni kò mọ ìfọwọ́kàn dáadáa, àyè wà láti ya àwòrán kí a sì ronú. Bí kò bá lè mi ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa mọ́, tí ìrora ń bá a nígbà tó sinmi, tíátà lẹ máa gbé e lọ tààrà. Bí ẹsẹ̀ bá ti le gbagidi, tí kò mọ nǹkankan rárá, tí ẹ̀rọ Doppler kò gbọ́ ìró kankan nínú iṣan àlọ tàbí iṣan àbọ̀, ẹ má ṣí i pẹ̀lú kátítà kankan. Pọtasíọ̀mù tó ti kó jọ nínú ẹran tó kú á padà sínú ọkàn, ó sì lè dá ọkàn dúró lórí tábìlì.

Heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ṣáájú kátítà. Bí kò bá sí ohun tó kọ̀ ọ́ lára aláìsàn, 80 unit fún kílò kan ni a ń fún nínú iṣan ní kété tí a bá ti fura. Ẹni tó wọ̀n kílò 60 á gba nǹkan bíi 4,800. Ilé ìwòsàn kékeré tó fún un ní èyí kó tó gbé aláìsàn sínú ọkọ̀ ti ṣe iṣẹ́ ńlá.

Bálúùnù Fogarty

Thomas Fogarty, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, ló ronú rẹ̀. Ìka ìbọ̀wọ́ rọ́bà ló gé ṣe bálúùnù àkọ́kọ́, ó sì fi ìso tí àwọn apẹja ń lò so ó mọ́ orí kátítà. Ọdún 1963 ni ìròyìn rẹ̀ jáde nínú ìwé àwọn oníṣẹ́ abẹ, ètò iṣẹ́ rẹ̀ kò sì yí padà púpọ̀ láti ìgbà náà: tì í kọjá ẹ̀jẹ̀ dídì, fẹ́ bálúùnù, fà á padà, ohun tó dí ọ̀nà á bá a jáde.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Lẹ́tà F tó wà lára rẹ̀ ni ìwọ̀n French. 3F jẹ́ mílímítà kan ní fífẹ̀. 2F wà fún iṣan ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ àti ọwọ́. 3F ni a ń lò láti orúnkún lọ sísàlẹ̀ àti fún apá. 4F wà fún iṣan itan, 5F fún iṣan ìbàdí àti ibi tí iṣan ńlá ikùn ti pín. Omi tí bálúùnù ń gbà kéré ju bí ènìyàn ṣe rò lọ: 3F ń gba nǹkan bíi 0.2 mililítà, 4F nǹkan bíi 0.75, 5F nǹkan bíi 1.5. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára kátítà kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sára èyí tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Nítorí náà sìrínjì 1 mililítà ni ti 3F. Ẹni tó bá fi sìrínjì 5 mililítà fẹ́ ẹ, àtàǹpàkò rẹ̀ kò ní mọ ìgbà tó kọjá ààlà.

Iṣẹ́ náà lọ báyìí. Oògùn apanilára ojú ibi iṣẹ́ lè tó, èyí sì jẹ́ àǹfààní ńlá fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára láti gba oorun. Oníṣẹ́ abẹ á ṣí ibi tí itan ti pàdé ikùn, á fi okùn rọ́bà di iṣan mẹ́ta mú: èyí tó ń bọ̀ láti òkè, èyí tó ń lọ sí orúnkún, àti èyí tó wọnú itan lọ jìn. Ẹni tó bá gbàgbé ẹ̀kẹta yìí á ṣí ẹsẹ̀ ní ìdajì. Nọ́ọ̀sì á ti dán bálúùnù wò nínú abọ́ omi iyọ̀. Ó gbọ́dọ̀ wú yíká dọ́gba. Bí ó bá wú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ sọ ọ́ nù, nítorí ẹ̀gbẹ́ yẹn ló máa fi fọ́ iṣan. Òpin kátítà ni a kọ́kọ́ ń gbé lé orí awọ láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀, kí a lè fi àmì tó wà ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mọ ibi tí a máa dé.

Ẹni kan náà ló gbọ́dọ̀ máa tẹ sìrínjì tó sì máa fa kátítà. Èyí kì í ṣe àṣà lásán. Iṣan ń fẹ̀ sí i bí a ṣe ń bọ̀ lókè, nítorí náà àtàǹpàkò á máa fi omi kún un díẹ̀díẹ̀, á sì máa dín in kù bí ó bá kan ibi tó fún. Ohun tí ọwọ́ ń wá ni ìfàmọ́ra fẹ́ẹ́rẹ́, bíi kí ènìyàn máa fa ọmọ ìka jáde nínú ìbọ̀wọ́ tó lọ́rinrin. Bí ó bá di wí pé ó ń le, ẹ dín omi kù. Ẹ má fi agbára fà á. Agbára yẹn ni ó ń ṣí awọ inú iṣan, tí ẹ̀jẹ̀ á tún fi dì níbẹ̀ kó tó di àárọ̀.

Ẹ wo ohun tó jáde lórí gọ́ọ̀sì. Ẹ̀jẹ̀ dídì láti inú iṣan àlọ máa ń ní àwòrán iṣan tó ti jáde, ó gùn, ó dúdú, ó sì ń dán bí eṣúṣú. Bí ìrù rẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì dán, ó ṣeé ṣe kí gbogbo rẹ̀ ti jáde. Bí ìrù náà bá gé gbágungbàgun, ìyókù ṣì wà nísàlẹ̀. Ẹ fà á títí ẹ̀ẹ̀mejì yóò fi jáde láìgbé nǹkankan. Ẹ̀jẹ̀ tó ń padà bọ̀ láti ìsàlẹ̀ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí ó lè jẹ́ ẹ̀ka kan lókè orúnkún ló ń rán an wá, tí ojú ọ̀nà ìsàlẹ̀ sì ṣì dí. Bí C-arm (ẹ̀rọ x-ray tó ń ya àwòrán inú ara lójú iṣẹ́) bá wà, ẹ ta dáì kí ẹ ya àwòrán kí ẹ tó rán ojú iṣan pa.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù: bálúùnù tí wọ́n fẹ́ ju ìwọ̀n lọ tó bẹ́ nínú iṣan, orí kátítà tó gún ògiri, iṣan àlọ tó ya sínú iṣan àbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ẹ̀jẹ̀ dídì tí wọ́n tì sínú ẹ̀ka mìíràn. Rọ́bà gidi sì ni bálúùnù púpọ̀ nínú wọn. Ẹ béèrè bóyá rọ́bà ń yọ aláìsàn lẹ́nu.

Ẹ̀yà kan wà tó ní ihò láàárín, tí wáyà lè gbà kọjá. Bí ẹ bá ní C-arm, ẹ ra díẹ̀ nínú rẹ̀ fún irú bàbá alátọ̀gbẹ tí a mẹ́nu kàn lókè.

Wọn rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Ohun èlò | Ohun tó gbọ́dọ̀ wà ní tíátà | Ibi tó dára jù | Ohun tó máa ń bà jẹ́ |
|---|---|---|---|
| Bálúùnù Fogarty | Ọ̀bẹ, okùn, iná tó mọ́lẹ̀. C-arm dára bí ó bá wà | Ẹ̀jẹ̀ dídì tuntun tó já láti ọkàn | Awọ inú iṣan |
| Oògùn atúdì nípasẹ̀ kátítà | C-arm, ICU (yàrá ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an), yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣí lóru | Ẹsẹ̀ tó ṣì lè dúró fún ọjọ́ kan | Ẹ̀jẹ̀ ń dà, ọpọlọ pàápàá |
| Kátítà afàjẹ̀ onísìrínjì | C-arm, kátítà 6F sí 8F, sìrínjì 60 mililítà | Ẹ̀jẹ̀ dídì rírọ̀, ègé tó sálọ sísàlẹ̀ | Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ń lọ |
| Pọ́ǹpù afàjẹ̀ | Gbogbo ti òkè, pọ́ǹpù, iná tí kì í ṣẹ́jú | Ẹ̀jẹ̀ dídì tó pọ̀ | Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ń lọ kíákíá |
| Omi iyọ̀ títa | Ẹ̀rọ ńlá, ohun èlò tirẹ̀ nìkan | Iṣan àbọ̀ ńlá, iṣan itan | Kíndìnrín, ìlù ọkàn |

Oògùn tí a ń fi kátítà kán sínú ẹ̀jẹ̀ dídì

Níhìn-ín, kátítà kò fa nǹkankan. Ó ní ihò wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, a tẹ̀ ẹ́ sáàárín ẹ̀jẹ̀ dídì, alteplase, oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, á sì máa kán nínú rẹ̀ ní 0.5 sí 1 mg fún wákàtí kan. A máa ń fi heparin díẹ̀ gba inú sheath (ọ̀pá ẹnu ọ̀nà tí kátítà ń gbà wọ inú iṣan), nǹkan bíi 500 unit ní wákàtí kan. Lẹ́yìn wákàtí 12 sí 24 a tún ya àwòrán. Ó ṣọ̀wọ́n kí a kọjá 48. Àmì kan wà tó máa ń sọ bóyá ó máa ṣiṣẹ́: bí wáyà bá gba inú ẹ̀jẹ̀ dídì kọjá wẹ́rẹ́, ó rọ̀, oògùn á tú u. Bí wáyà bá kọ̀, ó ti pẹ́. Èyí tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì sábà máa ń kọ etí ikún sí oògùn.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó dé inú iṣan wẹ́wẹ́ tí bálúùnù kò lè wọ̀. Ewu rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ dídà. Ẹni tó ní rọpárọsẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún láìpẹ́, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lọ́wọ́, kò yẹ fún un. Abiyamọ tí ìbímọ rẹ̀ kò tíì ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní gbogbo wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà ni a ń yẹ fibrinogen, èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, wò. Bí ó bá wá sísàlẹ̀ 150 mg/dL, ẹ pín oògùn sí méjì, bí ó bá wá sísàlẹ̀ 100, ẹ dá a dúró. Bí aláìsàn bá sọ pé orí ń fọ́ òun lójijì, tàbí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, ẹ pa oògùn náà kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, lẹ́yìn náà ẹ gbé e lọ ṣe CT.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ti ń ṣìṣe nígbà ríra: wọ́n ń ṣírò owó oògùn, wọn kò ṣírò owó òru. Bí yàrá àyẹ̀wò yín bá ń ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí ICU kò sì ní ibùsùn, ẹ kò tíì ní ohun tí ẹ máa fi lo oògùn yìí, bí ó tilẹ̀ kún fíríìjì. Ohun kan tún wà tí apòògùn gbọ́dọ̀ mọ̀. Alteplase tí a ti pò gbọ́dọ̀ tán láàárín wákàtí 8. Bí ẹ bá tú ìgò 50 mg kan fún ẹni tó ń gba 1 mg ní wákàtí kan, 8 mg péré ló máa wúlò fún un kí ìyókù tó di ohun àdànù. Ẹ béèrè fún ìgò 10 mg tàbí 20 mg. Ìyẹ̀fun tí a kò tíì pò lè wà níta fíríìjì bí yàrá kò bá gbóná ju 30 lọ, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, ilé ìkóọjàsí tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù ní Kano tàbí Sokoto kò lè ṣe ìlérí yẹn. Nínú fíríìjì ni kí ẹ kó o sí, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbóná nínú rẹ̀.

Streptokinase, oògùn atúdì mìíràn, rọ̀ lówó jù ú lọ, ṣùgbọ́n ara ń kọ́ bí a ṣe ń bá a jà. Ẹni tó ti gbà á rí kò yẹ kó tún gbà á.

Kátítà tí ń fa ẹ̀jẹ̀

Àwọn tó ń ta pọ́ǹpù kì í sábà sọ èyí, ṣùgbọ́n sìrínjì ni pọ́ǹpù àkọ́kọ́. Kátítà 8F tó ní ẹnu gbòòrò, tó fẹ̀ tó mílímítà 2.7, pẹ̀lú sìrínjì 60 mililítà tó ṣeé tì pa, lè fa ègé ẹ̀jẹ̀ dídì jáde nínú iṣan itan. Ó wúlò gan-an lẹ́yìn Fogarty, nígbà tí ègé kan bá já sálọ sísàlẹ̀ orúnkún.

Ẹ tì í títí ẹnu rẹ̀ á fi kan ẹ̀jẹ̀ dídì. Ẹ fa ọ̀pá sìrínjì dé òpin kí ẹ tì í pa. Ẹ dúró. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣàn wọlé wàà, ẹ kò tíì kan án. Bí kò bá sí ohun tó wọlé, ẹ̀jẹ̀ dídì ti di ẹnu kátítà, ẹ fà á jáde pátápátá pẹ̀lú ìfàmọ́ra rẹ̀. Sheath tí ojú rẹ̀ ṣeé yọ ló dára, nítorí fálífù ojú sheath máa ń gé ẹ̀jẹ̀ dídì sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, a sì máa ń rò pé a kò rí nǹkankan fà. Lẹ́yìn náà ẹ da gbogbo rẹ̀ sórí gọ́ọ̀sì kí ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù.

Ẹ máa ka sìrínjì. Márùn-ún tó kún fún ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 300 mililítà. Ẹni tó ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ sickle cell, tí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ (hemoglobin) kò ju 7 tàbí 8 g/dL lọ, kò ní 300 mililítà tó máa fi tọrẹ. Ẹ ti ṣètò ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Pọ́ǹpù bíi Indigo ti Penumbra ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìdúró. Ó yára, ọwọ́ kì í rẹ̀ ẹ́, wáyà rẹ̀ tó ní orí ribiti ń tú ẹnu kátítà nígbà tó bá dí. Ewu rẹ̀ jẹ́ ti ìyára rẹ̀: bí ẹnu kátítà bá kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ dídì tí ẹ kò pa á, ẹ̀jẹ̀ gidi á kún inú ìgò rẹ̀ kí ẹ tó yí ojú padà. Ẹ̀yà Lightning ní kọ̀ǹpútà kékeré tó ń mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ dídì ló ń wọlé tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn, ó sì ń dín ìfàmọ́ra kù fúnra rẹ̀. Bí agbára yín bá ká a, ẹ̀yà yẹn ni kí ẹ lọ fún. Ṣùgbọ́n ẹ má ra pọ́ǹpù kí ẹ tó béèrè iye kátítà tó bá a wá, nítorí kátítà ẹlòmíràn kì í sábà bá a mu, aláìsàn kọ̀ọ̀kan sì nílò tuntun.

Omi iyọ̀ títa

AngioJet ń ta omi iyọ̀ sẹ́yìn láti orí kátítà pẹ̀lú agbára ńlá. Ìtasẹ́yìn yẹn ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, ó sì ń fà á wọlé. Ó tún ń fọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa. Ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ fi máa ń pọ́n bíi zobo lẹ́yìn rẹ̀, tí kíndìnrín sì lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kátítà rẹ̀ ní ààlà ìṣẹ́jú-àáyá 480 lápapọ̀, 240 bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣàn níbẹ̀. Ìlù ọkàn lè rẹ̀ sílẹ̀ lójijì, nítorí náà atropine, oògùn tó ń mú ọkàn yára lù, gbọ́dọ̀ ti wà nínú sìrínjì. Kò yẹ fún ẹ̀dọ̀fóró. Ìkìlọ̀ tó le wà lórí ìyẹn láti ọ̀dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà. Fún aláìsàn sickle cell tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀, a kò ní yàn án.

Iṣan àbọ̀ ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró

Ẹsẹ̀ tó wú nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì kì í fi dandan béèrè kátítà. Nínú ìwádìí ATTRACT, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2017 lórí aláìsàn 692, àwọn tí wọ́n fi kátítà àti oògùn atúdì tọ́jú kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn tó gba oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nìkan: 47 nínú ọgọ́rùn-ún àti 48 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹsẹ̀ wọn ṣì ń dà wọ́n láàmú láàárín ọdún méjì. Ẹ̀jẹ̀ tó dà púpọ̀ ní ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ sì jẹ́ 1.7 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tó gba kátítà, 0.3 fún àwọn tó gba oògùn nìkan. Nítorí náà, mọ̀lẹ́bí tí wọ́n bá sọ fún pé kó lọ wá owó kátítà fún ẹsẹ̀ tó wú, ẹ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé: «Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ̀jẹ̀ dídì náà ti gòkè dé ikùn? Ṣé ẹsẹ̀ náà wà nínú ewu? Kí ni ó máa ṣẹlẹ̀ bí oògùn nìkan la bá lò?» Dókítà tó dára kì í bínú sí ìbéèrè yìí.

Níbi tí ó ti tọ́, ClotTriever wà: a gba ẹ̀yìn orúnkún wọlé pẹ̀lú skáànù, àwọ̀n kan á ṣí lókè ẹ̀jẹ̀ dídì, a ó sì fà á wá sísàlẹ̀ bí ẹni fa àwọ̀n ẹja. Kò nílò oògùn atúdì. Iṣan àbọ̀ nìkan ni ó wà fún. FlowTriever, ìbátan rẹ̀ fún ẹ̀dọ̀fóró, ní kátítà tó tó 24F, mílímítà mẹ́jọ ní fífẹ̀, tó ń gba inú ọkàn kọjá. Ilé ìwòsàn tí kò ní oníṣẹ́ abẹ ọkàn nítòsí kò yẹ kó máa fi ìyẹn kọ́ iṣẹ́.

Ẹ̀rọ tó ń lọ kálísíọ̀mù, bíi Rotablator tí orí rẹ̀ ní dáyámọ́ǹdì tó ń yí tó ìgbà 140,000 ní ìṣẹ́jú kan, jẹ́ ti iṣan ọkàn tó ti le, kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ dídì. Àwọn tó ń fa ẹ̀jẹ̀ dídì jáde nínú ọpọlọ náà, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó wọn pọ̀ fún yín nínú ìwé iye owó kan.

Kí la máa rà, ibo la máa kó o sí

Ilé ìwòsàn tó ní oníṣẹ́ abẹ ṣùgbọ́n tí kò ní C-arm: Fogarty 3F mẹ́rin, 4F mẹ́rin, 5F méjì, 2F méjì, heparin, okùn rọ́bà, okùn prolene 5-0 àti 6-0. Láti Kano dé Abuja gba wákàtí márùn-ún ó kéré tán lójú ọ̀nà. Aláìsàn tí ẹ gbé lọ bá ẹ̀rọ olówó ńlá lè dé lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ ti kú. Bí C-arm bá wà, ẹ fi Fogarty oníhò, kátítà 6F àti 8F, sìrínjì 60 mililítà àti wáyà 0.018 àti 0.035 ínṣì kún un. Oògùn atúdì tẹ̀ lé e bí ICU àti yàrá àyẹ̀wò bá ń ṣiṣẹ́ lóru. Pọ́ǹpù ló kẹ́yìn, nígbà tí aláìsàn bá ti pọ̀ tó pé kátítà rẹ̀ kò ní kọjá ọjọ́ lórí pẹpẹ.

Rọ́bà kórìíra ooru, oòrùn àti ọyẹ́. Ẹ má kó páálí Fogarty sí orí kọ́bọ́ọ̀dù lábẹ́ páànù tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò iná. Bálúùnù tó ti lẹ̀ mọ́ra, tó funfun tàbí tó ya wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má dán an wò lára ènìyàn. Ẹ má sì fọ̀ ọ́ lò lẹ́ẹ̀kejì. Rọ́bà tó ti wọ ẹ̀rọ sísè kì í wú dọ́gba mọ́, ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ sínú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í sì jáde. Lọ́wọ́ olùtajà, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ ìparí, àti bóyá ìdí ìdìpọ̀ rẹ̀ ṣì lẹ̀ pinpin. Ọjọ́ ìparí tí wọ́n fi tẹ́ẹ̀pù lẹ̀ lé orí òmíràn, ẹ dá a padà níwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ọ̀nà bá ti ṣí, ohunkóhun tí ẹ lò, ẹ wá ìlùkìkì ẹsẹ̀ ní gbogbo wákàtí, kí ẹ sì fi ọwọ́ tẹ ẹran ẹsẹ̀ náà. Bí ó bá le bí pákó, tí ìrora rẹ̀ pọ̀ sí i nígbà tí ẹ bá tẹ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹran tó tún rí ẹ̀jẹ̀ ti wú kọjá àpò tó wà nínú rẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ la àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní alẹ́ ọjọ́ náà; kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ di ìgbà tí ọ̀gá bá dé lówùúrọ̀. Ẹ wo ìtọ̀ inú àpò rẹ̀ náà. Bí ó bá ti ń pọ́n, ẹ fi omi kún un nínú iṣan, kí ẹ sì gba ẹ̀jẹ̀ fún pọtasíọ̀mù kí wákàtí mìíràn tó pé.